Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ya fótò èèyàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn n'Íbàdàn, l'Ékòó, l'Óṣogbo, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi fóònù kọ́ṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń rí iṣẹ́ yín lórí Instagram, inú mi sì ń dùn sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣá ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ, òun ni pé fótò èèyàn kì í parí lọ́jọ́ tí kọ́sítọ́mà bá sanwó. Ọjọ́ tó máa wúlò jù lè jẹ́ ogún ọdún sí i, nígbà tí bàbá yẹn bá ti lọ, táwọn ọmọ ń wá èyí tí wọ́n máa lò fún pósítà ìsìnkú, tí wọ́n wá rí i pé gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ ni fíltà ti bò, kò jọ bàbá wọn mọ́.

Ẹ má fojú kéré bí àwọn onífótò àtijọ́ ṣe máa ń mú àgbà jókòó. Agbádá á tẹ́ dáadáa, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, ojú á kọ kámẹ́rà gbọnrangandan, ẹsẹ̀ pàápàá á hàn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ipò ẹni náà ni wọ́n ń yà mọ́ ojú ẹ̀. Ní Ìlá Ọ̀ràngún láwọn ọdún 1970 sí 1979, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífótò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kan bíi pé àwọn méjèèjì jókòó tira wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin lèyí tó lọ, tó sì jẹ́ obìnrin lèyí tó kù, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un ya ọ̀kan. Ohun tí ilé yẹn ń fẹ́ nìyẹn, onífótò sì mọ bó ṣe máa ṣe é fún wọn. Torí náà kẹ́ ẹ tó tan láìtì, ẹ jókòó ti ẹni náà, ẹ bi í pé ta ló fẹ́ fún ní fótò yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá ńkọ́, èyí ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi kọ̀ǹpútà bó èèyàn. Ìyá tó dúdú minimini wọlé, nígbà tí fótò máa jáde ó ti di pupa, ilà ojú ẹ̀ pàápàá ẹ ti nù ún kúrò! Púpọ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń sá fún yẹn, ìmọ́lẹ̀ ló máa tán an. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fi sí auto, tó ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà láàárín, kó má dúdú kó má funfun, nítorí náà tí ìyá náà bá wọ léèsì funfun tó dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á wá ṣókùnkùn. Ojú ni kẹ́ ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe léèsì. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀, tó rọ̀, gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, fèrèsé lásán ti tó, ẹ máa rí bí àwọ̀ dúdú ṣe ń dán. Ẹ má sì gbé fóònù sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi. Ẹ sún sẹ́yìn, lẹ́ńsì 85mm dáa, 50mm náà dáa (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan sún mọ́ni tó).

Ẹ wo onífótò kan, Bàbá J.D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, àmọ́ Ìbàdàn ló ti wọṣẹ́ ìjọba ní 1954, dáàkùrúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò, ni wọ́n fi í sí, kó tó bọ́ síléeṣẹ́ tẹlifíṣàn níbẹ̀ ní 1961. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin, ẹ̀yìn orí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùkú, onílé gogoro, ó ń kọ orúkọ irun sílẹ̀, ó ń tọ́jú négátíìfù, títí tó fi tó bíi 1,000. Ìgbà tí Fondation Cartier, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà, pàtẹ wọn ní Paris ní 2000, ẹni àádọ́rin ọdún ni. Mélòó nínú wa ló lè ṣe sùúrù tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin náà ẹ tọ́jú tiyín. Ẹ kọ orúkọ, ìlú àti ọjọ́ sí gbogbo fáìlì, ẹ fi sí hard drive méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíì, ẹ sì tẹ díẹ̀ sórí pépà torí fóònù lè sọnù.

Owó ńkọ́? Ẹ gba àdífáǹsì, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ má gba "màá tag yín" dípò owó. Kẹ́ ẹ sì tó gbé ojú ẹnikẹ́ni síta, ẹ tọrọ àyè, pàápàá ojú ọmọdé.

Iṣẹ́ kan wà tí mi ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́: àwọn tó ní àbàjà, pélé, gọ̀mbọ́ lójú ti ń dàgbà, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kọlà fọ́mọ mọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sì lòdì sí i, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú àwọn tó kù yìí ńkọ́, ta ló ń yà wọ́n? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látilé yín, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ilà yẹn, ìdílé wo ló ń kọ ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fótò, kẹ́ ẹ sì tẹ ọ̀kan fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kan ilẹ̀kùn ilé kejì.