Orin ìdúpẹ́ Màmá: kí ẹ tó yan orin

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. O ní Màmá fẹ́ orin àtijọ́ nìkan fún ìdúpẹ́ náà, àwọn ọmọ sì ń ráhùn pé oorun ni orin àtijọ́ máa ń kùn wọ́n. Àwọn méjèèjì ló jàre. Ìwọ tí wọ́n ní kó yan orin ló máa bá wọn parí ìjà.

Ká ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Wo ìlà àkọ́kọ́ “Àpáta ayérayé”. Bí a bá fi ohùn orin tí Thomas Hastings, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1830 kọ ọ́, sólfà rẹ̀ ni so, la, so, mi, do òkè, la, so. Wá pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán: “À” wà nísàlẹ̀, “pá” gòkè, “ta” bọ́ sáàárín, “a” dúró síbẹ̀, “yé” gòkè, “ra” bọ́ sáàárín, “yé” tún gòkè. Ibi tí ọ̀rọ̀ gòkè, orin gòkè pẹ̀lú rẹ̀. “Yé” ìkẹyìn nìkan ni orin já sílẹ̀, ìyẹn kò sì pa ìtumọ̀ lára. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í nira fún ẹni tí kò mọ̀wé rárá. Bí ohùn mìíràn bá ni akọrin yín ń lò, ẹ gbé e yẹ̀ wò bákan náà, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn.

Ọ̀pọ̀ orin inú ìwé orin ìjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe ohùn wọn kò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́kàn, nítorí náà orin lè sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gòkè, kí ọ̀rọ̀ sì di nǹkan mìíràn lẹ́nu. Èyí tó tún burú jù ni pé ohùn kan náà ni gbogbo ẹsẹ ń lò. Ẹsẹ kìíní lè bá a mu rẹ́gí, kí ẹsẹ kẹta máa forí gbárí pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má sọ pé ẹsẹ mẹ́fà ni ìwé ní, nítorí náà mẹ́fà la ó kọ. Ẹ pe ẹsẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, kí ẹ wá kùn ún, kí ẹ sì mú mẹ́ta tó bá ohùn mu jù. Kí ìtàn inú orin má ṣe já láàárín ṣá.

T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Marina l'Ékòó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ohun tó sì ń jà fún nìyí: kí orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Kó tó kọ ọ́ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti kọ orin Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ẹ fi orin ìbílẹ̀ ìjọ kan tàbí méjì sáàárín àwọn tí Màmá yàn. Inú rẹ̀ á dùn, àwọn ọmọ náà á sì jí.

Nọ́ńbà tó wà lórí orin, bíi 8.6.8.6, iye sílébù ìlà kọ̀ọ̀kan ni. Olùtúmọ̀ ní láti ká ọ̀rọ̀ sínú iye yẹn, ìdí nìyẹn tí ìgékúrú fi pọ̀. Ibẹ̀ ni ìjọ ti ń pín sí méjì: àwọn kan á pe “sí inú”, àwọn yòókù á pe “sínú”, orin á sì wọ́. Kí ọ̀gá akọrin fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ gbogbo ìgékúrú kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ẹ lè fi ohùn mìíràn rọ́pò èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, bí iye sílébù bá ti dọ́gba. Ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ “D” sí lẹ́yìn o: ẹsẹ méjì ló ń jẹ nínú ohùn náà lẹ́ẹ̀kan. Bí orin yín bá ní ẹsẹ mẹ́ta, ìdajì ohùn á ṣẹ́ kù, ẹ ó sì dúró lójú agbo.

Bí iná bá lọ tí kò sí dùùrù, ibi gíga ni ẹni tó ń dá orin sábà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Ohùn orin ìjọ kan tí ń jẹ́ Old Hundredth, tó ti wà láti 1551, ń lọ láti so ìsàlẹ̀ dé so òkè, àárín ìlà àkọ́kọ́ ni so ìsàlẹ̀ yẹn wà, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ìkẹyìn sì ni tòkè. Kí ẹni tó ń dá a kọ́kọ́ wá so òkè náà lọ́fun ara rẹ̀ kó tó yan do. Bí do bá wà ní G lórí dùùrù, so òkè á bọ́ sí D, gbogbo èèyàn á dé e. Bí ó bá wà ní B-flat, àwọn àgbà á dákẹ́ ní ìlà kẹrin.

Ti fífà tó ń sú àwọn ọmọ: ẹsẹ ìlà mẹ́rin onísílébù mẹ́jọ kò yẹ kó ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùndínlógójì lọ. Ohun tó ń fà á ni pé lẹ́yìn tí akọrin bá ti parí ìlà ni wọ́n ń mí, wọ́n á tún dúró gbọ́ dùùrù. Kọ́ akọrin láti mí nínú ohùn ìkẹyìn ìlà, kí wọ́n sì já wọ ìlà tó tẹ̀lé e láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Sọ fún onígángan náà. Ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ. Bó bá ń fi ìlù pe ọ̀rọ̀ orin tí ohùn rẹ̀ ń forí gbárí pẹ̀lú ọ̀rọ̀, orin méjì ni ìjọ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó kàn máa di ìlù mú nínú irú èyí, kó wá sọ̀rọ̀ tó bá wù ú nínú orin ìbílẹ̀.

Ìwé Màmá ti pẹ́: “aiye”, “enia” àti “nwọn” ló wà níbẹ̀, kò sì sí àmì ohùn. Tún ọ̀rọ̀ orin tẹ̀ fún àwọn ọmọ ní àkọtọ́ òde òní pẹ̀lú àmì. Fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó tẹ ìwé ètò ìsìn, nítorí bí wọ́n bá ti tẹ ẹsẹ mẹ́fà síbẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ìjọ máa kọ.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ