Lẹ́tà sí Màmá Ìtòkú, nítorí ẹyẹ tó ń fi orí rìn

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin lè ti gbàgbé àjákù àdìrẹ yẹn, èmi ò gbàgbé. Onígun mẹ́ta ni, apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ìdí rẹ̀ íǹṣì 20, gíga rẹ̀ íǹṣì 40 (mo ti yọ ti ojú rírán kúrò). Ẹyẹ kún inú rẹ̀, gbogbo wọn nàró. Ẹ ní kí n fi ṣe ojú ìrọ̀rí tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí n má fi nǹkan kan ṣòfò.

Mo gé e ní ìbú láàárín. Mo la ti òkè sí méjì láti ṣóńṣó wá sílẹ̀, mo wá dà wọ́n dorí kodò sí ẹ̀gbẹ́ ti ìsàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó wọlé wẹ́kú: 20 sí 20. Inú mi dùn débi pé n kò wo ẹyẹ. Ẹ̀yin lẹ wò ó. “Ẹyẹ wo ló ń fi orí rìn l'Ábẹ́òkúta?” Téèpù sì bà mí lẹ́yìn.

Màmá, ẹjọ́ sísọ́ọ̀sì mi kọ́. Mo ti rí i nínú ìṣirò tí mò ń kọ́ báyìí. Gerwien, onímọ̀ ìṣirò kan, fi hàn ní 1833 pé bí aṣọ méjì tí etí wọn tọ́ bá fẹ̀ bákan náà, a lè gé ọ̀kan kí a tò ó di èkejì. Ní 1951, Hadwiger àti Glur, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, ní ká ṣáà máa sún èékù láì yí i, ká sì máa dà á dorí kodò, ó tó. Ṣùgbọ́n sísún nìkan, bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nítorí ẹyẹ? Bí mo gé e sí ẹgbẹ̀rún, kò lè ṣeé ṣe.

Ẹ wo ìdí aṣọ náà: íǹṣì 20 ló kọjú sílẹ̀, kò sì sí etí kankan tó kọjú sókè gan-an, ṣóńṣó ló wà níbẹ̀. Ibi tí sísọ́ọ̀sì bá gbà ní ìbú, ètè méjì ló ń bí, ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sílẹ̀, wọ́n gùn bákan náà. Bí a bá ń rán an pọ̀, ètè méjì náà la ń pa pọ̀. Nítorí náà, bí a bá yọ gígùn ètè tó kọjú sókè kúrò nínú ti èyí tó kọjú sílẹ̀, íǹṣì 20 yẹn kò ríbi sá sí. Ti ìrọ̀rí wá ńkọ́? Bó ti wù kí ẹ gbé e kalẹ̀, etí kọ̀ọ̀kan ní ìkejì tó kẹ̀yìn sí i, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Àfi kí á dorí èékù kan kodò, kí ìṣirò náà tó lè yí padà.

Ká ní aró lásán ni, ẹ̀yin gan-an lẹ ò bá kọ́kọ́ yìn mí.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ bá mi fi àjákù kan pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, èyí tí kò ní ẹyẹ.

Ọmọ yín