Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Hánà Ń Yọjú Lọ́dọọdún

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Kristi, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ìwọlé àwọn ọmọ. Ní Adó-Èkìtì wa níbí, láti Ajílósùn títí dé Baṣírì, kò sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí yúnífọ́ọ̀mù kò kún inú rẹ̀, àwọn tó ń ta báàgì àti bàtà ní Ọjà Ọba kò sì rọ́wọ́ họrí. Mo mọ ohun tí ìnáwó ń fojú yín rí lásìkò yìí. Olúwa tó ń bọ́ ẹyẹ ojú ọ̀run kò ní fi yín sílẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣí nínú Bíbélì yín lọ́sẹ̀ yìí ni Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí kejì, ẹsẹ 19. Gbogbo wa la mọ ìtàn Hánà, obìnrin tó gbàdúrà níwájú Olúwa títí Élì àlùfáà fi rò pé ó ti mutí yó, tó jẹ́ ẹ̀jẹ́, tó rí ọmọ bí, tó sì mú ọmọ náà lọ sí Ṣílò nígbà tó gbà á lẹ́nu ọmú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń dúró sí, a ó kọrin, a ó ṣe àmín. Ẹsẹ 19 ló sọ ohun tó tẹ̀lé e. Lọ́dọọdún ni ìyá yìí ń dá ẹ̀wù kékeré fún ọmọ rẹ̀, tó ń mú un lọ fún un nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá gòkè lọ rú ẹbọ ọdún.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀wù yẹn. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kì í dúró lójú kan. Ẹ̀wù tó bá a mu lésìí, apá rẹ̀ á ti kúrú lọ́dún yìí, àyà rẹ̀ á ti fún un. Ẹni tó bá fẹ́ dá èyí tí yóò bá ọmọ mu, àfi kó mọ bí èjìká ọmọ náà ti fẹ̀ tó, bó ti ga sí, bó ti sanra tàbí tó rù sí. Hánà ti fi Sámúẹ́lì fún Olúwa, ó ti fà á lé Élì lọ́wọ́, síbẹ̀ kò sọ pé òun ti ṣe tòun, pé ó kù sọ́wọ́ àlùfáà. Ó ń lọ, ó ń fojú ara rẹ̀ rí ọmọ. Ẹ sì rántí irú ilé tí Sámúẹ́lì ń gbé. Àwọn ọmọ Élì fúnra rẹ̀, Hófínì àti Fíníhásì, ń ṣe ohun ìtìjú nínú ilé Olúwa kan náà, bàbá wọn kò sì dá wọn lẹ́kun. Àárín wọn ni ọmọ kékeré yìí ti dàgbà tí kò fi bá wọn bàjẹ́. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìyá tó ń yọjú lọ́dọọdún wà lára oore-ọ̀fẹ́ náà.

Ẹ tún wò ó pé “òun àti ọkọ rẹ̀” ni. Elikánà bá a lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Tí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe mítìn PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, gèlè ni ẹ ó máa rí láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìwọ̀nba bàbá tó wà níbẹ̀ ló jókòó sídìí tábìlì, wọ́n jẹ́ alága tàbí akápò. Àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Bàbá tí kì í pa mítìn ẹbí jẹ, tí kì í pa ti ẹgbẹ́ jẹ, tó jẹ́ pé ìpàdé orí ọmọ rẹ̀ nìkan ni kì í ráyè fún, ó yẹ kó tún inú rò.

Kò yẹ kí wọ́n máa fi èyí bẹ àwa Èkìtì. Orísun ìmọ̀ ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ wa. Àwọn bàbá wa tí kò mọ ìwé kà rárá ló ta kòkó, tí àwọn ìyá wa ta iṣu àti ẹ̀gúsí, kí ọmọ lè kàwé. Nígbà tí Henry Dallimore ti ìjọ Áńgílíkà dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó ní 1933, àwọn òbí tó fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wá. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ ka pátákó iwájú àwọn ilé-ìwé wa, ẹ ó rí i pé “Community” ló wà lára púpọ̀ nínú wọn, orúkọ ìjọ tàbí ti àwọn Mùsùlùmí ló sì wà lára àwọn mìíràn. Ará ìlú ló dáwó, àwọn ìjọ ló ru búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé ìjọ. Ilé ni wọ́n gbà, wọn kò gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó jọ pé láti ìgbà náà la ti ń hùwà bí ẹni pé wọ́n gba ọmọ náà mọ́ ọn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ṣùgbọ́n òbí ni òfin náà dì í lé lọ́rùn pé kí ọmọ lọ, kó sì parí rẹ̀.

Mo fẹ́ bá àwọn olóyè PTA tó wà nínú ìjọ yìí sọ̀rọ̀, torí ẹ pọ̀ díẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìráhùn yín pé àwọn òbí kì í wá. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ẹ ń pè wọ́n. Ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ ní àárín ọ̀sẹ̀, ta ni ẹ retí kó wá? Ẹni tó ń ta tòmátì ti wà lọ́jà, ẹni tó ń gẹ́ igi ti wà lóko, oníṣẹ́ ìjọba ti wà ní ọ́fíìsì. Sátidé ńkọ́? Ìsìnkú àti ìgbéyàwó ti gbà á. Ní àwọn ìlú tó yí wa ká, tí ọjà ń bọ́ sí ọrún-ọrún, ẹ ka ọjọ́ ọjà kí ẹ tó dá ọjọ́ ìpàdé. Ẹ bi àwọn ìyá fúnra wọn. Mo rò pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, yóò mú ènìyàn wá ju lẹ́tà márùn-ún lọ. Tí ẹ bá ní aago mẹ́rin, kí ó jẹ́ aago mẹ́rin.

Ẹ̀yin ará, èdè wo lẹ fi ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà ní ilé-ìwé wa, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé, bàbá wà ní Èkó, ìyá wà lókè òkun. Ìyá àgbà ni òbí tó ń wá mítìn. Akọ̀wé yóò dìde, yóò fi Gẹ̀ẹ́sì ka àkọsílẹ̀ láti òkè délẹ̀, ìyá yóò máa mi orí, yóò sì padà sílé láìmọ̀ bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ tàbí ògiri ni wọ́n fẹ́ mọ. Ẹ sọ Yorùbá. Ẹ fi èdè Èkìtì wa sí i. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá wá láti ibòmíràn yóò rí ẹni túmọ̀ fún un.

Owó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn ún sọ fún àwọn tí kì í wá, wọ́n á ní torí owó ni wọ́n ṣe ń pe àwọn. Wọn kò parọ́ pátá. Ìpàdé tó bá fi owó bẹ̀rẹ̀, tó fi owó parí, kò sẹ́ni tó ń sáré lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn ọmọ ṣáájú. Kí àwọn òbí jókòó ní kíláàsì kíláàsì, ti Praimárì Kẹta pẹ̀lú tíṣà Praimárì Kẹta, kí tíṣà ṣí ìwé àwọn ọmọ síwájú wọn. Ìgbà tí òbí bá rí i pé ọmọ òun kò tíì lè ka gbólóhùn kan já, kò ní sí ẹni tí yóò rọ̀ ọ́ kó tó wá lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí owó bá wá kàn, kí àkáǹtì wà lórúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí i, kí owó kankan má sùn sínú àpò akápò. Ẹ kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sórí bébà gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ojú ti lè kà á, kí ẹ lẹ risíìtì mọ́ ọn. Olóòótọ́ akápò ni èyí ń dáàbò bò jù. Ẹni tí kò bá rí owó san, ẹ bi í ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Káfíńtà lè fi ọ̀sán kan kan àga tó ya, bíríkìlà lè dí ihò ara ògiri kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ àti olóyè, ẹ má lé ọmọ kankan jáde kúrò ní kíláàsì nítorí owó PTA. Ọmọ kọ́ ló jẹ gbèsè. Tó bá dúró sílé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò ní padà wá bá a.

Ẹgbẹ́ tó ní WhatsApp, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀ fún ìkéde ilé-ìwé. Àdúrà dára, èmi ni mo ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ọjọ́ ìdánwò bá sin sábẹ́ ogún àdúrà àárọ̀, òbí kò ní rí i.

Mo fẹ́ sọ ti ìyá àgbà kan láàárín wa tí kò mọ ìwé. Lálaalẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, ó máa ń ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó ìwé rẹ̀ wá sábẹ́ iná. Kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bírò pupa ti tíṣà ló ń wá. Tó bá ṣí ojú ewé tó rí i pé pupa wà níbẹ̀, á bi ọmọ pé kí ni tíṣà wí, ọmọ á ṣàlàyé fún un, àlàyé yẹn náà á sì di ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí ewé títí, kò rí pupa, ó tún ṣí, kò sí. Ó ró ìró rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó lọ kí tíṣà, ó bi í tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ bóyá ara rẹ̀ le. Ó ya tíṣà lẹ́nu pé ẹnìkan ń wò. Wọ́n di ọ̀rẹ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tó kàwé, tí ẹ ní ìwé ẹ̀rí lára ògiri, ẹ fi ti ìyá yìí ṣe àwòkọ́ṣe. Òfin Ọlọ́run nínú Deuterónómì orí kẹfà ní kí a máa bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ Rẹ̀ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀, àti nígbà tí a bá dìde. Kò sí tíṣà tó lè bá yín ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn òbí kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá na ọmọ wọn nìkan ni ilé-ìwé ń rí wọn, wọ́n á sì bú tíṣà lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́. Kò dára. Àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ tẹnu tíṣà náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi owó ara wọn ra ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣe ọmọ léṣe, tàbí tí àgbàlagbà kankan bá fọwọ́ kan ọmọ lọ́nà àìtọ́, n kò ní kí ẹ dákẹ́ o, n kò sì ní gbà kí PTA kankan bò ó mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ilé-ìwé. Èkìtì ti ní òfin tó ka irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ láti 2011. Ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Tí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ wá bá mi, a ó jọ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa la rántí oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì bí wọ́n ti ń darí lọ sílé ní agbègbè Emure-Èkìtì, bí ìyá ti ń sunkún káàkiri ìpínlẹ̀ yìí títí wọ́n fi dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Kí PTA béèrè ẹni tó ń wa ọmọ, ọ̀nà tó ń gbà, aago tí ọmọ ń délé, àti nọ́ńbà tí wọ́n ń pè tí ọmọ bá pẹ́. Kí ilé-ìwé má fa ọmọ lé ẹni tí òbí kò dárúkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, ẹ má tètè lọ sílé. Kí àwọn tí ọmọ wọn wà ní ilé-ìwé kan náà jókòó pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, kí wọ́n mọ ọjọ́ mítìn PTA sáà yìí, kí wọ́n sì mọ ẹni tí yóò fi ọkọ̀ gbé àwọn ìyá àgbà lọ. Mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì láàárín wa, kí ẹni kọ̀ọ̀kan yín mú ìyá àgbà kan tàbí méjì tí ẹ ó máa bá ka ìwé èsì ìdánwò ọmọ-ọmọ wọn. Akọ̀wé ìjọ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé láti gba orúkọ. Ẹ mú fóònù yín dání, kí ẹ lè gba nọ́ńbà ara yín.

Èmi ni, olùṣọ́-àgùntàn yín nínú Kristi.