Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: iná ojú òṣèré, kí eré yín tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣèré àti oníjó, ẹ̀yin olùkọ́ tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún eré ìparí ọdún, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Ìbàdàn, ẹ kú làálàá ìdánrawò. Ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí ẹ sábà máa ń bi wá lẹ́yìn eré, òun ló mú àwa ayafọ́tò yín kọ ìwé yìí. Kí ló dé tí ẹ kò lo fíláàṣì? Kí ló dé tí ojú ọmọ mi pọ́n bí epo? Kí ló dé tí fọ́tò yìí ṣe bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i? Kí ló dé tó jẹ́ díẹ̀ lẹ fún wa nínú gbogbo èyí tí ẹ yà? Iná ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọwọ́ yín sì ni iná wà, kò sí lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a jọ tún un ṣe lọ́jọ́ ìdánrawò, kí èrò tó dé.

Ti fíláàṣì kò gba àlàyé púpọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í rìn jìnnà láìrẹ̀: bí ẹ bá sún un sẹ́yìn láti mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Láti ìlà kẹrin nínú gbọ̀ngàn, orí àwọn tó jókòó níwájú wa ló máa kọ́kọ́ tàn yòò, òṣèré á sì wà nínú òkùnkùn tó wà. Bí ó bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á pa gbogbo àwọ̀ tí oníná yín ti fara balẹ̀ tò. Oníjó tí fíláàṣì bá sì bù mọ́ lójú lè ṣi ẹsẹ̀ gbé létí ìtàgé. Nítorí náà a kì í lò ó nígbà eré, bí ẹ tilẹ̀ sọ pé kò burú. Ẹ bá wa sọ fún olóòtú ètò yín kó bẹ àwọn òbí náà kí wọ́n pa ti fóònù wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí iyanrìn. Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, láìpẹ́ ojú yín á mọ́ ọn lára, ẹ ó sì máa rí òṣèré kedere. Kámẹ́rà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta péré la lè yí lára rẹ̀: bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, bí ojú kámẹ́rà ṣe máa ṣí pẹ́ tó, àti ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe máa gbé ìmọ́lẹ̀ kékeré sókè tó. Lẹ́ńsì tí a ń gbé wá ni ti mìlímítà 70-200 tó ń ṣí dé f/2.8 àti ti mìlímítà 85 tó ń ṣí dé f/1.8; bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ẹnu lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ tó. Ẹnu wọn kò lè fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó dúró tó ń sọ̀rọ̀, ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá tó láti mú un. Ẹni tó ń rìn gba ìdá kan nínú 250. Oníjó gba ìdá kan nínú 500, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá yára sí i ní ìlọ́po méjì, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, ISO ló sì gbọ́dọ̀ dí àlàfo náà: láti 1600 sí 3200, láti 3200 sí 6400. Ibẹ̀ ni iyanrìn ti ń wá. Bí a bá ní ká yan èyí tó ní iyanrìn tàbí èyí tó fà, ìyẹn èyí tó di bàìbàì nítorí pé òṣèré ń rìn, oníyanrìn la máa mú, nítorí iyanrìn ṣeé dín kù lórí kọ̀ǹpútà, ojú tó ti fà kò ní àtúnṣe. Ẹ fi ìlọ́po méjì kún iná iwájú, ISO á bọ́ sílẹ̀ ní ìdajì, ojú ara yín lẹ ó fi rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ tún máa ń ṣi ìṣirò. Ká ní ẹnì kan ṣoṣo dúró sábẹ́ iná, aṣọ dúdú sì bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó dá ṣe é, á wo òkùnkùn tó gba ojú fọ́tò, á máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí ojú òṣèré á fi funfun bí ẹfun. Ọwọ́ la fi ń to tiwa, láti orí ojú ẹni tó wà nínú iná, a sì máa ń jẹ́ kó dúdú díẹ̀, pàápàá bí òṣèré bá wọ léèsì funfun. Funfun tó bá ti jóná kò ní nǹkan kan nínú mọ́, ṣùgbọ́n ojú tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé gbé sókè nínú fáìlì RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe rárá. Bí ẹ bá yọjú wo ẹ̀yìn kámẹ́rà wa láàárín eré tí ẹ rí i pé ó dúdú, ẹ fọkàn balẹ̀.

Iná aláwọ̀ ló ń fún wa ní wàhálà jù, ibẹ̀ náà sì ni ìrànlọ́wọ́ yín ti máa ń hàn jù. Iná LED tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ń lò báyìí lè di pupa kìkì tàbí búlúù kìkì, láìsí àwọ̀ mìíràn tó dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ibi tí Ṣàngó ti ń jáde, tí gbogbo orí ìtàgé pọ́n. Ẹni tó wà ní ìjókòó ń pariwo, orí rẹ̀ ti wú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà pín sí ẹyọ wẹ́wẹ́: nínú ẹyọ mẹ́rin, méjì ń gba àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń gba pupa, ọ̀kan ń gba búlúù. Lábẹ́ pupa kìkì, ẹyọ kan ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́rin, òun náà sì ń tètè kún àkúnwọ́sílẹ̀. Imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìlà ojú, gbogbo rẹ̀ á di pẹrẹsẹ bí ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Kọ̀ǹpútà kò lè fa ohun tí kò sí níbẹ̀ yọ. Awọ ara dúdú tún ní tirẹ̀: ó ń dá pupa àti ìyeyè padà dáadáa, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá búlúù padà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lábẹ́ búlúù nìkan, agbádá funfun á máa tàn bí òṣùpá, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì ní í ní ojú.

A kò ní kí ẹ pa iná pupa. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́yìn òṣèré àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó bá ti wù yín kó lágbára tó. Níwájú ni kí ẹ ti fi iná tó pọ́n bí oyin kún un díẹ̀, irú èyí tí àwọn oníná ń pè ní 3200 kelvin. Kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ pupa náà ti tó. Láti ìjókòó, pupa lèrò á ṣì máa rí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà á rí awọ ara, á rí òógùn, á rí ìlà ojú.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, iṣẹ́ tiwa náà kò yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ iná òkè orí nìkan lẹ ní, gèlè àti fìlà á da òjìji bo ojú. Abetí ajá nìkan lè pa ẹyinjú méjèèjì rẹ́. Iná iwájú gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀kánkán, kó ga díẹ̀ ju orí lọ, kó lè wọ abẹ́ fìlà. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán an wò láìsí kámẹ́rà: kí òṣèré dúró sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú gèlè tàbí fìlà tó máa lò gan-an, kí ẹnì kan lọ jókòó sáàárín gbọ̀ngàn. Bí kò bá rí funfun ẹyinjú òṣèré, kámẹ́rà náà kò ní í rí i.

Cultural Centre ní Mókólá, tí Demas Nwoko ya àwòrán kíkọ́ rẹ̀, àti ilé eré Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Wole Soyinka Theatre báyìí, eré ni wọ́n kọ́ wọn fún. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló gba àbójútó. Níbẹ̀, iná méjì lórí irin ìdúró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, níwájú ìtàgé, ti tó láti tún gbogbo nǹkan ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ fa aṣọ fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń ṣe búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó pọ́n bí oyin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á sì jẹ́ ti ọ̀sán, èkejì ti alẹ́. Ẹ pa iná gbọọrọ àjà gbọ̀ngàn pẹ̀lú.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Iná mànàmáná wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà iná gbọọrọ àti LED olówó pọ́ọ́kú ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100. Ojú yín kò lè rí i. Kámẹ́rà tó ń ṣí fún ìdá kan nínú 500 máa ń bá a níbi tó ti ṣẹ́jú: fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣókùnkùn, tàbí kí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Kámẹ́rà wa ní ètò tó ń dúró de ìgbà tí iná bá tàn, ó sì ń ran ni lọ́wọ́, àmọ́ LED tí wọ́n ti yí sísàlẹ̀ ń ṣẹ́jú lọ́nà tirẹ̀, ètò yẹn kì í lè bá a. Bí ẹ bá fẹ́ dín iná iwájú kù, ẹ má yí i sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tàn tán, kí ẹ sún un sẹ́yìn. Kí oníná sì ya wáyà iná ìtàgé sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀rọ amúlétutù, torí bí ẹ̀rọ yẹn bá ta kìjí, agbára iná á jábọ́, gílóòbù á pọ́n, gbogbo àwọ̀ tí a tò á sì yí padà láàárín orin. Ìdí kan náà yìí ni ẹ fi máa ń gbọ́ ìró kámẹ́rà wa nígbà tí ìlù bá ń dún. Ètò tí kì í dún ń fa ìlà lábẹ́ LED, ibi tí gbogbo ilé bá dákẹ́ la máa ń lò ó sí, tí a bá ti dán an wò tẹ́lẹ̀.

Ògiri LED tó wà lẹ́yìn akọrin: ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí ojú akọrin á fi mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Èéfín: ẹ̀yìn ìtàgé ni kó ti máa jáde, nítorí kámẹ́rà kì í rí ohun tó máa dì mú nínú rẹ̀.

Oníjó bàtá ni a fẹ́ràn láti yà jù. Ìyá ìlù á pè é, á gbé orúnkún, á fò. Bí ó bá ti dé òkè pátápátá, kó tó máa bọ̀ wálẹ̀, ara rẹ̀ á dúró fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan. Ibẹ̀ ni kí a tẹ̀ ẹ́. Ìdá kan nínú 250 lè mú ara rẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ọwọ́ àti etí aṣọ á fà díẹ̀, a sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń fi hàn pé ó ń jó. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ojú rẹ̀ rí fífò náà ti pẹ́. Etí la fi ń yà á: ìyá ìlù ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìlù náà lẹ́ẹ̀kan ṣáájú, kí ẹ sì fi ẹni tó ń lu ìyá ìlù hàn wá.

Nínú eré wákàtí méjì, a lè tẹ kámẹ́rà ní ìgbà 1,200, ká fún yín ní 120 sí 150. Èyí tó ṣẹ́jú, èyí tí ẹlòmíràn kọjá níwájú rẹ̀, èyí tí ẹnu ti yà níbi tí kò dára, a máa ń yọ wọ́n kúrò. A kò ní í fún yín lóhun tó máa dójú ti òṣèré yín.

Èyí tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ fi ìtò eré ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sàmì sí ibi tí iná á ti kú, ibi tí èéfín á ti jáde àti ibi tí ẹ fẹ́ kí a má pàdánù. Lọ́jọ́ ìdánrawò ìkẹyìn, kí gbogbo èèyàn wọ aṣọ eré, kí oníná tan iná bí yóò ṣe tàn án gan-an, kí ẹ sì fún wa ní ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn la lè sún mọ́ etí ìtàgé, torí náà àwọn fọ́tò tó súnmọ́ ojú jù lọ, ọjọ́ yẹn la ti ń yà wọ́n. Lálẹ́ eré, ẹ fi àyè méjì sílẹ̀ fún wa létí ọ̀nà, ní ìlà kẹta tàbí ìkẹrin.

Bí fọ́tò bá dé ọwọ́ yín, ẹ má fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù láti wá iyanrìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà tó jẹ́ ínǹṣì 12 ní ẹ̀gbẹ́ kan, ínǹṣì 18 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ gbé e kọ́ sí ògiri, ẹ kò ní í rí i mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, nítorí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ojú tí a ti jọ wá iná fún á sì tún padà di bàìbàì.