Lẹ́tà sí Ṣadé: iyanrìn Bar Beach àti omi Tarkwa Bay

Súrùlérè,
Èkó.

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo gbogbo Winnipeg. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ yín. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí o pe àwọn.

O ní ọmọ rẹ ọkùnrin ń béèrè ibi tí a ti máa ń ṣe ọlidé nígbà tí a wà ní kékeré, pé kí n kọ ohun tí mo bá rántí ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí gbà mí lọ́kàn gan-an. Ọmọ tí kò tíì fojú rí òkun rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe Bar Beach fún un, nígbà tí Bar Beach fúnra rẹ̀ kò sí mọ́?

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni tiwa. Láti òru ni màmá mi ti máa ń dáná: jọ́lọ́ọ̀fù nínú kúlà, adìẹ díndín nínú abọ́ ọlọ́mọrí. Mọ́ínmọ́ín elewé, ti màmá rẹ ni. Bí a bá ti gun Èkó Bridge báyìí ni a ti ń tọrọ rẹ̀. Pijó 504 bàbá mi ló máa ń ṣíwájú, ọkọ̀ yín á tẹ̀ lé e. Apọ́ngbọ̀n, Marina, CMS, ká tó gun afárá bọ́ sí Victoria Island. Tí a bá ti ń sún mọ́ Bonny Camp, atẹ́gùn á yí padà, a ó máa gbóòórùn iyọ̀, ariwo á sì sọ nínú ọkọ̀.

Ṣé o rántí àwọn àtíbàbà onímọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ń háyà? Àti àwọn ọmọ Hausa tó ń fa ẹṣin kiri, tí a ó bẹ àwọn bàbá wa títí kí wọ́n tó sanwó kí wọ́n gbé wa gùn ún? Aláàgbọn, onísúyà, àti àwọn oníyàwòrán wait-and-get tó máa ń ju fọ́tò síwá sẹ́yìn kó lè gbẹ. Lápá kan, àwọn aláṣọ funfun á kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, wọ́n á gbẹ́ ihò ri àbẹ́là wọn mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà pa á, agogo ọwọ́ wọn ò ní dákẹ́. Bí wọ́n bá gbàdúrà tán, wọ́n á bu omi òkun sínú ìgò gbé lọ sílé. Wọn kì í dí wa lọ́wọ́, àwa náà kì í dí wọn. Olówó ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó wọ mọ́lúè wá náà ń bẹ níbẹ̀, iyanrìn kan náà ni gbogbo wa jókòó lé.

Màmá àgbà nìkan ni kì í bá wa lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn tí wọ́n jọ ń digun jalè ní 1971, tí èrò rẹpẹtẹ lọ wò ó. Màmá ní àwọn ò lè jẹun níbi tí wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ èèyàn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Bàbá mi kì í jókòó. Wọ́n á ká ṣòkòtò wọn dé orúnkún, wọ́n á dúró ní ẹ̀gbẹ́ omi, ojú kan lára wa, ojú kan lára ìgbì. Òfin wọn ni pé omi kò gbọdọ̀ kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ kankan. Ìgbì Bar Beach kì í ṣe eré: bó bá wó lulẹ̀, tó bá ń padà lọ, á máa gbẹ́ iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn, bó o bá ṣe ń tiraka láti dúró ló ṣe ń fà ọ́. Wọn kò jẹun títí a ó fi múra ilé. Nísinsìnyí tí mo ti bímọ ni mo tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Ṣùgbọ́n Tarkwa Bay, etíkun tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ni mo fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀ jù. Lẹ́yìn Kérésìmesì, nígbà tí ọyẹ́ bá ti fẹ́, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS, ọkọ̀ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, a ó sì gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń lọ sí Àpápá kọjá. Ìwọ máa ń ka àsíá wọn sókè, èmi máa ń di aṣọ màmá mi mú. Ahéré obìnrin kan ni àwọn òbí wa máa ń gbà. Ẹní ni a ń sùn lé, àtùpà la fi ń ríran. Ìyá yẹn á din ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ẹja tó gbóná débi pé a ó máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì. N kò jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni a ti mọ omi wẹ̀. Bàbá mi, tí kò jẹ́ ká kọjá ọrùn ẹsẹ̀ ní Bar Beach, á wọ omi dé àyà ní Tarkwa, wọ́n á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ikùn wa, wọ́n á ní ká máa ta ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ rẹ láìsọ, o sì ń lọ. Mo ṣì ń gbọ́ bí màmá rẹ ṣe pariwo.

Bàbá rẹ, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ló ṣàlàyé fún wa ìdí tí omi ibẹ̀ fi rọ̀. Wọ́n ní láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà tí òkun fi wọ ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé; inú ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n ń já ẹrù sí. Láàárín 1908 sí 1912 ni àwọn Òyìnbó to òkúta wọ inú òkun lọ́tùn-ún lósì kí ọ̀nà náà lè là. Òkúta ti apá ìwọ̀-oòrùn ló ń gba ìgbì lójú kó tó dé Tarkwa. Ṣùgbọ́n láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń ti iyanrìn lọ ní etíkun wa. Òkúta yẹn dá a dúró, ó ń kó jọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, Bar Beach tó wà lódìkejì kò sì rí tiẹ̀ gbà mọ́. Òkun ń bù lára rẹ̀, kò sí ohun tó ń dípò. Òkúta tó jẹ́ ká mọ omi wẹ̀ náà ló ń kó ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

A sì rí i lójú wa. Iyanrìn tí a ti máa ń sáré ń kéré sí i, omi ń ya wọ títì Ahmadu Bello, ìjọba ń da iyanrìn síbẹ̀, òkun ń kó o lọ. Ní oṣù August 2012, ìgbì ya bo etíkun Kuramo tó wà nítòsí ibẹ̀, ó gbé èèyàn lọ. Ìwọ ti lọ nígbà yẹn. Ní 2013 ni wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, tí wọ́n fi ògiri òkúta yí ká. Ibi tí bàbá mi máa ń dúró sí ti di títì àti ilé gogoro. N kò bínú pé wọ́n dá òkun dúró, nítorí à bá ti pàdánù títì Ahmadu Bello pátápátá. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹbí kan láti Súrùlérè kò lè gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀ mọ́. Ní etíkun Ẹlẹ́gúshì, owó ẹnu ọ̀nà ni wàá kọ́kọ́ san. Ó yẹ kí ọmọ Èkó máa rí òkun láìsanwó.

Tarkwa ṣì wà. Ní January 2020, àwọn ológun ojú omi lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kúrò, wọ́n sì wó ilé wọn. Mo lọ lẹ́yìn náà, mo béèrè ìyá ẹlẹ́ja wa, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà. Omi náà kò yí padà.

Tẹ́ ẹ bá wá ní December, a ó lọ. Ra jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì fún ọmọ náà láti ọ̀hún, kó jẹ́ èyí tó bá a mu gan-an, torí ti àgbàlagbà ló pọ̀ níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀. Tèmi nìyí: èmi ni mo fẹ́ tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ikùn rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọmọ náà ní omi wíwẹ̀ ní adágún inú ilé kí ẹ tó dé.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa. Má gbàgbé láti pe màmá mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bùnmi