Ta ló ní 1991 ni wọ́n tẹ abúlé wa dó?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde torí inú ń bí mi gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo lọ sí abúlé wa lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Oǹdó, mo bá bọ́ọ̀dù tuntun lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé 1991 ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. 1991 kẹ̀! Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn o, abẹ́ Ọ̀yọ́ la wà tẹ́lẹ̀, bàbá mi sì ti ń ta àgbò Iléyá níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, bẹ́ẹ̀ mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni!

Ohun tí ìyá wa àgbà máa ń sọ ni pé inú Ilé-Ifẹ̀ ni bàbá tó tẹ abúlé yẹn dó ti kó àgùntàn jáde, torí ojoojúmọ́ làwọn aládùúgbò ń wá fẹjọ́ sùn pé wọ́n ti jẹ láfún táwọn sá sóòrùn. Abo mẹ́ta, àgbò kan. Ó so wọ́n mọ́ ìdí akòko, ó pa àtíbàbà, ìgbà tó yá ló tó gbin kòkó. Àgùntàn wa ò ga bíi tàwọn tó ń bá tírélà bọ̀ látòkè Ọya, àmọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ lásán ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n fi ń bí ìbejì.

Akòko yẹn ńkọ́? Wọ́n ti gé e, wọ́n ní ó ń dí bọ́ọ̀dù lójú! Àgùntàn kan ni mo bá tó dùbúlẹ̀ ti kùkùté ẹ̀, tó ń jẹ àpọ̀jẹ ní tiẹ̀.

Àwọn ọ̀gá inú ọ́fíìsì wọ̀nyí, wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá tí ikun ń dà nímú àgùntàn, tí wọ́n ń ṣu gbuuru, tí wọ́n ń kú, ta la rí? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ sì wà o.

Kí wọ́n fa bọ́ọ̀dù yẹn tu. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ òmíràn, kí wọ́n wá nírọ̀lẹ́ táwọn èèyàn ti toko dé, kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá tó mọ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe baálẹ̀ nìkan, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa kí ọ̀dà tó kan pákó, ẹni tí ò bá gbà kó sọ ọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n rán dókítà ẹran wá. Kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe pẹ̀lú.

Ní ti akòko, mo ti gé ẹ̀ka kan lára èyí tí wọ́n wó, mo rì í mọ́lẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù yẹn gan-an. Tó bá hù, kó dí i lójú.

Ọmọ alágùntàn, Ilé-Ifẹ̀