Lẹ́tà sí Àǹtí Àgbà, nítorí àmì tó wà ní gìgísẹ̀ yín

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru ìdí agbada. Mo mọ̀ pé Fọlákẹ́ ni yóò ka èyí sí yín létí, torí náà, Fọlákẹ́, má fo ibì kankan o.

Ẹsẹ̀ yín ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí a ti Ìjẹ̀bú-Òde dé, ẹ bọ́ bàtà, ẹ ní kí n fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ fún yín. Ìgbà náà ni mo rí i. Ẹ ní àmì àbímọ́ ni, mo rẹ́rìn-ín, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Èmi nọ́ọ̀sì! Aṣọ ẹgbẹ́ ṣì wà lọ́rùn wa, mi ò fẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́. Ẹ forí jì mí.

Kì í ṣe àmì àbímọ́. Èmi ni mò ń gé èékánná yín lọ́dún tí Bọ̀dá kú, gìgísẹ̀ yẹn mọ́ nígbà náà. Ní báyìí, apá kan rẹ̀ rí roboto, apá kejì rí jágajàga bí ìgbà tí aró bá ta sí aṣọ tútù tó sì ń ràn lọ. Àárín rẹ̀ dú bí èédú, etí rẹ̀ rí bí awọ obì gbígbẹ, ibì kan sì ṣe bí eérú. Ó fẹ̀ ju rọ́bà ìdí pẹ́ńsùlù lọ, ìyẹn ju mìlímítà 6.

Kí àyà yín má tíì já. Ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ló ní àmì lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kì í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èmi gan-an ní mẹ́ta, bí wọ́n ṣe wà látijọ́ ni wọ́n ṣe wà. Èyí tó bá ń tóbi, tó ń pa àwọ̀ dà, òun là ń sá fún. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ awọ ara. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òun, ó lè jẹ́ pé òkè awọ ara nìkan ló ṣì wà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà á gé e kúrò, ó parí. Bó bá ti wọlẹ̀, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ ó ní àìsàn òyìnbó ni, pé oòrùn ló ń fà á. Ti òyìnbó nìyẹn. Tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló fẹ́ràn, níbi tí oòrùn kì í pa. Ẹ rántí Bob Marley tí Bọ̀dá máa ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́? Abẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù ló ṣe é léṣe. Ọdún 1977 ni wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Ó kú lọ́dún 1981, ọmọ ọdún 36.

Fọlákẹ́ ní ẹ ń fi bíléèdì ha á. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin kan náà lẹ ń sọ pé tí ọ̀bẹ dókítà bá kàn án, á ràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ni wọn ó gé, wọn ó gbé e lọ sí láàbù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi bátìrì sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń bọ̀. Láàárọ̀ Jímọ̀, a ó wọ ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ la ó ti wọ ti Ṣágámù, ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Owó wà lọ́wọ́ mi, torí mo mọ àwa Ìjẹ̀bú, iye la kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ra gààrí kí wọ́n wá ní Sátidé. Sálúbàtà ni kí ẹ wọ̀, kó lè yá bọ́.

Ọmọ yín,
Bùkọ́lá